Ẹ̀wà, Ewédú àti Ọsàn Wẹ́wẹ́: Oúnjẹ Aláìléran Àwọn Kóráà Nínú Ìkòkò Ìyá Èkó

Bí a bá dárúkọ oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì fún ọmọ Èkó òde òní, ṣàwámà ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: ẹran tàbí adìyẹ tí a ká sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Kò jẹ̀bi, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní ìgboro nìyẹn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ títà ní ojú pópó yàtọ̀ sí oúnjẹ ilé. Nínú ilé àwọn ará Lẹ́bánónì, pàápàá jù lọ ní àwọn abúlé orí òkè, ẹran kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́ láti ayébáyé. Ẹ̀wà, ewébẹ̀, ìgbá, ilá, tòmátì, àlùbọ́sà àti òróró ni wọ́n fi ń gbé ìkòkò kaná ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni bi zeit, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “pẹ̀lú òróró”, èyí ni pé òróró ni a fi sè é, kì í ṣe ọ̀rá ẹran.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ìyá àti baálé ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ̀ngbọ̀n. Ẹran ti di ọ̀wọ́n ní ọjà. Nígbà tí owó kò bá tó ẹran rà, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe ni pé wọn a se ìrẹsì tàbí kí wọ́n tẹ ẹ̀bà rẹpẹtẹ, wọn a sì fi ọbẹ̀ ata ṣíṣàn tì í lẹ́yìn. Ikùn a kún, ṣùgbọ́n ara kò rí ohun tí yóò fi dàgbà. Òòyì a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ aláboyún, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé a sì funfun, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó ní ara wọn. A kò sọ pé àìjẹ ẹran nìkan ló ń fa èyí, nítorí ibà àti aràn inú pẹ̀lú a máa fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ. Síbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ní ipa tirẹ̀, ó sì yẹ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń se oúnjẹ aláìléran tí yóò dùn, tí yóò sì ṣe ara lóore.

Àwọn ará Lẹ́bánónì kì í ṣe àjèjì ní Erékùsù Èkó. Láti nǹkan bí ọdún 1890 ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté wa. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kiri, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní coral náà ni àwọn bàbá wa sì fi sọ wọ́n lórúkọ, tí a fi ń pè wọ́n ní Kóráà títí di òní. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Victoria, èyí tí a ń pè ní Nnamdi Azikiwe lónìí, àti ní àyíká Balógun. Àwọn tí ó gba Ìbàdàn lọ tilẹ̀ fi orúkọ ìlú wọn sílẹ̀ fún òpópónà Lebanon ní Gbági àtijọ́. Lẹ́yìn òfin ọdún 1972 tí ó fi ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, púpọ̀ nínú wọn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Oúnjẹ wọn ni àwa àti wọn kò tíì pín tó bí ó ti yẹ.

Ní ilẹ̀ wọn, Kristẹni àti Mùsùlùmí ni wọ́n jọ ń gbé. Àwọn Kristẹni ibẹ̀, ìbáà ṣe ìjọ Maronite tàbí ìjọ Orthodox, a máa yẹra fún ẹran ní àsìkò Lẹ́ńtì, inú ààwẹ̀ yìí sì ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ bi zeit ti gbilẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wọn a máa fi ọbẹ̀ ẹ̀wà ṣínu nínú oṣù Ramadan. Ará Èkó kò ní ka èyí sí ohun àjèjì. Ní Pópó Àgùdà, láti ìgbà tí àwọn Àgùdà ti ti ilẹ̀ Bràsíìlì dé ni wọ́n ti ń se fréjọ̀n ní Ọjọ́ Ẹtì Rere: ẹ̀wà tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi àgbọn pò. Ọbẹ̀ ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́, ẹran kì í sì í dé ibẹ̀. Ìdílé tí ó bá ti mọ fréjọ̀n sè ti bá àwọn Kóráà dé ìdajì ọ̀nà.

Mujaddara

Èyí ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì ẹlẹ́wà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà kékeré pẹlẹbẹ tí a ń pè ní lẹ́ńtìlì, irú èyí tí Ísọ̀ torí ìpẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ta ipò àkọ́bí, ni wọ́n fi ń sè é. Oúnjẹ náà ti pẹ́ láyé, nítorí ó wà nínú ìwé ìdáná kan tí al-Baghdadi kọ ní ìlú Baghdad ní ọdún 1226. Lẹ́ńtìlì wọ́n ní Èkó, ẹ má sì wulẹ̀ máa wá a kiri. Ẹ̀wà olóyin tí ń bẹ ní ọjà Òkè-Àrín tàbí Ẹbùté-Èrò yóò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Fún ìdílé ẹni mẹ́fà, ẹ wọn ẹ̀wà agolo mílíìkì 3, ìrẹsì agolo 2, òróró ìdajì agolo, àlùbọ́sà ńlá 4, ọsàn wẹ́wẹ́ 2 àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ da omi tí a fi rẹ ẹ́ nù, ẹ bu òmíràn sí i, kí ẹ sì gbé e kaná. Ẹ̀wà tí a ti rẹ kò ní pẹ́ jinná, kò sì nílò kaun. Ní tòótọ́, a kò fẹ́ kí ẹ fi kaun sí ẹ̀wà rárá, nítorí pé kaun a máa ba díẹ̀ nínú fítámìn inú ẹ̀wà jẹ́, ó sì ní irú èròjà kan náà tí ó wà nínú iyọ̀, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Nígbà tí ẹ̀wà bá rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì fọ́, ẹ da ìrẹsì tí a ti fọ̀ sí i pẹ̀lú iyọ̀, kí omi sì bò ó dáadáa. Ẹ dín iná kù, kí ó máa jinná lọ títí omi yóò fi gbẹ.

Ní àkókò yìí kan náà, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ dín in nínú òróró lórí iná tí kò le. Àlùbọ́sà ni ẹ̀mí oúnjẹ yìí. Ìyá tí kò bá ṣe é rí yóò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́; ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rò ó títí yóò fi pọ́n dúdú bí àwọ̀ ìgbín, tí òórùn rẹ̀ yóò sì kan ìta, ṣùgbọ́n kí ó má jóná. Ẹ da ìdajì rẹ̀ àti òróró rẹ̀ sínú ìkòkò, kí ẹ pò ó, kí ẹ sì wọ́n ìyókù sí orí oúnjẹ nínú àwo. Òórùn àlùbọ́sà yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹran, òun náà ni kò jẹ́ kí a nílò magí. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru yóò rí i pé iyọ̀ díẹ̀ ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ ní odindi ọjọ́ kan má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan, iyọ̀ inú búrẹ́dì àti inú magí sì wà nínú ìṣirò náà.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀wà rírà. Àwọn kan a máa da oògùn apakòkòrò bíi Sniper sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nítorí irú oògùn yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní ọdún 2015, ní ọdún 2019 sì ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀wà kí ẹ tó sanwó. Èyí tí ó bá ń rùn bí oògùn, ẹ má rà á. Fífọ̀ àti rírẹ lè dín oògùn náà kù, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ díẹ̀, tí a lè ṣà, sàn ju èyí tí oògùn ti pa kòkòrò inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe

Ará Lẹ́bánónì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀wà tàbí ewébẹ̀ láìfún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù lé e lórí. Adùn ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ìlera ni wọ́n ń rí. Ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ní èròjà ayọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àmọ́ irú ti inú wọn le fún ara láti gbà ju ti inú ẹran lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Fítámìn C tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ti bu mujaddara sínú àwo tán ni kí ẹ fún ọsàn sí i, ẹ má ṣe é lórí iná, nítorí ooru a máa ba fítámìn náà jẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ ìkan lè jẹ ọsàn dídùn tàbí ìbẹ́pẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Rírẹ ẹ̀wà mọ́jú náà ń ran ayọ́ọ̀nù yìí lọ́wọ́.

Tíì ni ọ̀tá rẹ̀. Ìyá tí ó jẹ ẹ̀wà tí ó sì mu tíì tẹ̀ lé e lójú kan náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn tí ọsàn ṣí. Kí tíì dúró di wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. A tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn: oúnjẹ yìí kò rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aláboyún ní ilé ìtọ́jú. Ẹ máa lò ó bí nọ́ọ̀sì ti wí, kí ẹ sì jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ewédú ni wọ́n ń pè ní mulukhiyah

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ewédú tí a ń jẹ pẹ̀lú àmàlà náà ni àwọn Kóráà ń pè ní mulukhiyah. Ewé kan náà ni. Lóòótọ́, adìyẹ ni ọ̀pọ̀ ilé wọn ń fi sè é, ṣùgbọ́n irú ti bi zeit wà pẹ̀lú, òun ni a sì ń sọ. Wọn kì í fi ìjábẹ̀ lù ú, wọn kì í sì í fi kaun sí i, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ó yọ̀ púpọ̀. Ẹ já ewé rẹ̀ kúrò lára igi, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gbọn omi rẹ̀ nù. Ẹ dín àlùbọ́sà àti aáyù tí a gún nínú òróró díẹ̀, ẹ da ewé náà sí i, kí ẹ rò ó títí yóò fi rọ̀, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí ó sì hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ fún ọsàn sí i nígbà tí a bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ lè kọ́kọ́ wò ó bìrí, kí ó ní ewédú kọ́ nìyí. Ẹ bu díẹ̀ fún un.

Bákan náà ni ilá. Bamia ni wọ́n ń pè é. Ilá kéékèèké tí kò tíì gbó ni wọ́n ń lò. Wọ́n a gé ìdí rẹ̀ láìjẹ́ kí ọ̀bẹ dé inú, kí ó má bàa yọ̀. Wọ́n a dín in fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n a sì sè é lódindi pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà àti aáyù. Ata rodo kò sí nínú tiwọn, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tí ó ní kí ó má sí nínú tiwa.

Fún ìgbá, iná èédú ni ó dára jù. Àwọn Kóráà ń lo ìgbá ńlá aláwọ̀ àlùkò. Ìgbá tiwa náà ṣe é lò bí a bá ṣa èyí tí kò korò. Ẹ sun ún títí èèpo rẹ̀ yóò fi jóná, ẹ bó o, ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú odó kékeré pẹ̀lú aáyù, iyọ̀ díẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, kí ẹ sì pò ó mọ́ yànmọ̀tí tí a yan tí a sì lọ̀ kúnná pẹ̀lú òróró. Yànmọ̀tí yìí, tí àwọn Kóráà ń sọ lọ́jọ̀ ní tahini, ilẹ̀ wa ni a ti ń gbìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀ tí a sì ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun. Bí kò bá sí, ẹ̀pà lílọ̀ lè rọ́pò rẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ ẹ̀pà tí ó hu, nítorí ohun tí ń hu lára ẹ̀pà a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Yànmọ̀tí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe hummus, tí a ń fi búrẹ́dì jẹ. Ẹ̀wà roboto kan tí ń jẹ́ hummus ní èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń lò, agolo sì ni ó máa ń gbé wá sí Èkó. Ẹ lè bó ẹ̀wà funfun bí ìgbà tí a fẹ́ ṣe mọ́ín-mọ́ín, kí ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ gan-an, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú yànmọ̀tí, aáyù àti ọsàn. Ọmọ iléèwé tí ó fi í jẹ búrẹ́dì ní òwúrọ̀ ti jẹ oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, èyí tí bọ́tà kò lè fún un. Ẹni tí ó bá ra ti inú agolo, kí ó fi omi ṣan án nítorí iyọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀wà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Àwọn Kóráà ní àkàrà tiwọn, falafel ni orúkọ rẹ̀. Bí a ti ń rẹ ẹ̀wà, tí a ń lọ̀ ọ́ ní tútù, tí a sì ń dín in, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn náà ń ṣe. Kìkì pé wọ́n ń lọ̀ ọ́ yírínyírín, wọ́n sì ń da ewé olóòórùn dídùn sí i, irú èyí tí ẹfinrin lè dúró fún. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn a máa pò ó mọ́ ẹ̀wà ńlá kan tí à ń pè ní fava, ẹ̀wà yìí náà ni wọ́n sì ń sè ní òwúrọ̀ lábẹ́ orúkọ ful.

Fava kò léwu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ẹni tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àbùkù yìí jẹ́ ohun àjogúnbá, kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa: ní ilẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọkùnrin márùn-ún ni ó ní in, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Òun náà ni a fi ń kìlọ̀ pé kí ẹ má kó kánfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun, nítorí pé ó lè sọ ojú ọmọ bẹ́ẹ̀ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí ó sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Fava Beans, Broad Beans tàbí Foul Medammas lára agolo, ẹ má fi ìwọ̀nyí bọ́ ọmọdé tí ẹ kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí. Kí ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú pẹ̀lú yẹra fún un bí a bá ti sọ pé ọmọ rẹ̀ ní àbùkù náà. Ẹ̀wà olóyin, ẹ̀wà funfun àti òtìlí tiwa kò ní ewu yìí nínú.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ fava, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi orógbó, tí ó sì rẹ̀ ẹ́ lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún dókítà ohun tí ó jẹ. Ẹ má dúró ṣe àgbo.

Ewu kejì wà nínú tabbouleh, sàláàdì wọn tí a ń fi ewé tútù, tòmátì àti ọkà wíìtì ṣe. Oúnjẹ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n iná kì í kàn án. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì jà ní ìpínlẹ̀ wa, Erékùsù Èkó wà lára àwọn ibi tí ó dé. Ọsàn àti iyọ̀ kò tó láti pa kòkòrò àrùn náà. Ilé tí omi rẹ̀ kò bá dájú, kí ó fi tabbouleh sílẹ̀, kí ó di mujaddara àti ewédú mú.

Ó ku ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ bu mujaddara rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà díndín sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ kúnná, kí ẹ sì fún ọsàn dídùn díẹ̀ sí i. Ẹ má gbàgbé pé fítámìn B12 kò sí nínú ẹ̀wà tàbí ewébẹ̀. Ẹ fi ẹyin, ẹja, edé tàbí wàrà kún oúnjẹ ọmọ àti ti aláboyún láàárín ọ̀sẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ. Ẹja ṣáwá kan tí a pín sí ìkòkò kan wúlò ju bí ojú ti rí i lọ. Hummus àti ìgbá lílọ̀ kò gbọ́dọ̀ mọ́jú níbi tí kò bá sí fíríìjì. Ẹ ṣe ìwọ̀n tí ilé yóò jẹ tán lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbé mujaddara tí ó bá ṣẹ́kù kaná títí yóò fi gbóná jinlẹ̀ kí ẹ tó tún un jẹ.